Ìpamọ́ Iṣẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé àti Ìrántí Àwọn Olùkọ́ Yunifásítì

Ẹ̀yin ará wa ní Ìkọ̀yà, àti ẹ̀yin òǹkàwé ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń gbé inú ọgbà yunifásítì nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kan olúkúlùkù ẹni tí baba rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ àgbà ti jókòó rí níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ wá, tí ó ń béèrè bí àwọn baba ńlá wa ti ṣe dé ilẹ̀ yìí, bí a ti ń jẹ oyè, bí a ti ń fún epo, àti orúkọ tí a ń pe àwọn ewé tí ará Ọ̀yọ́ kò mọ̀. Àgbàlagbà náà sọ ohun tí ó mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó padà lọ, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà àgbàlagbà náà sùn. Bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá wá béèrè lónìí pé, "Níbo ni ọ̀rọ̀ baba wa wà?", kí ni a ó fi dá a lóhùn?

Ìbéèrè yìí ni ó mú wa sọ̀rọ̀ lórí àká ìwé orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fún iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wọn àti fún ìrántí àwọn olùkọ́ wọn. A ó gbìyànjú láti ṣe àlàyé ohun tí ó jẹ́, bí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí ó kù sí. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí bí ìwé ti ń sọnù, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí ń jẹ àgbàdo rẹ̀ kò lè mọ irú àká tí yóò kọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ ìwé ńlá lórí ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ pé díẹ̀ ni ó kù kí ìwé náà má wà. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́ ni Johnson í ṣe. Ó gbọ́ ìtàn láti ẹnu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà, ó kó wọn jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1897. Ní ọdún 1899 a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dé ibẹ̀, ó sì sọnù. Ní ọdún 1900 arákùnrin rẹ̀, Obadiah Johnson, oníṣègùn ní Èkó, lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ béèrè. Èsì tí a fún un ni pé a ti ṣì í fi sí ibi kan, a kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n a ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: èló ni a lè san fún ọ̀rọ̀ ẹnu arọ́kin tí ó ti kú?

Ní ọdún 1901 Samuel Johnson fúnra rẹ̀ kú. Kí ló wá kù? Àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké ni ó kù, àwọn ojú ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ kí ó tó tún wọn kọ dáadáa. Láti inú ìwọ̀nyí ni Obadiah ti tún gbogbo ìwé náà kọ. Nígbà tí ó ṣe tán, a tún fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun nínú ọkọ̀ Appam ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916. Àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun nítorí ogun ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ìdì ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà jáde, nígbà tí Obadiah pẹ̀lú ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Nínú àwọn arákùnrin méjèèjì, kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ìwé náà bí ó ti jáde.

Ẹni tí ó bá ka Bíbélì yóò rántí Jeremáyà. Ọba Júdà fi ọ̀bẹ gé ìwé kíká rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú iná. Bárúkù akọ̀wé tún kọ òmíràn láti ẹnu wòlíì náà, a sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un. Wòlíì náà wà láàyè, akọ̀wé náà wà láàyè, nítorí náà ìwé náà lè jí dìde. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún Johnson pẹ̀lú, nítorí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní ibòmíràn. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kò rí irú oore yìí gbà ní ọdún 1862, nígbà tí ilé rẹ̀ ní Èkó jóná. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti kó jọ fún bí ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí a tẹ ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde bá iná lọ. Àwọn òwe tí ó wà nínú ìwé náà tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ mọ́, ta ni yóò mọ̀ wọ́n lónìí? A kò tilẹ̀ lè mọ ohun tí a pàdánù.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn wọ̀nyí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a ó sọ: ìwé tí ó ní ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tíì ní ibùgbé. Ó wà lójú ọ̀nà ni.

Nígbà tí a dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tí a ti fi sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, ilé ìkàwé wà lára ohun tí a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Orúkọ Kenneth Dike ni ilé ìkàwé náà ń jẹ́ lónìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Onítàn ni Dike, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó darí yunifásítì náà, ṣùgbọ́n ṣáájú èyí ó ti lọ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láti wo ipò tí àwọn ìwé ìjọba wà. Ó rí wọn nínú yàrá tí òjò ń jò sí, ó rí wọn níbi tí ikán ti jẹ wọ́n. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ti jáde ní ọdún 1954, èyí tí ó wà nínú ọgbà yunifásítì náà ní Ìbàdàn títí di òní.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe sí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ fúnra wọn? Ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní láti kọ ìwé ìwádìí kan tí ó nípọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títẹ̀ ni a ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọlọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́. A ó di ẹ̀dà mélòó kan pọ̀, èèpo líle ni a ó fi bò wọ́n. Ọ̀kan yóò lọ sí ilé ìkàwé, ọ̀kan sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀kan sí ọwọ́ olùkọ́ tí ó tọ́ ọ sọ́nà, ọ̀kan sí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó parí. Ará Ìkọ̀yà tí ó bá fẹ́ kà á ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí ó gba ìwé àṣẹ, kí ó sì jókòó sí ibẹ̀ kà á. A kì í yá a gbé lọ sílé. Bí ẹ̀yin bá rò ó, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu àgbàlagbà Ìkálẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti di ohun tí ọmọ rẹ̀ ní láti rin ìrìn-àjò kí ó tó rí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá dárúkọ Olusegun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò, tí a bí ní ọdún 1948 tí ó sì kú ní ọdún 2013, gómìnà ni gbogbo ènìyàn yóò rántí. Àwọn kan yóò yìn ín, àwọn mìíràn yóò ṣàròyé, bí a ti ń ṣe sí gbogbo aláṣẹ. Ṣùgbọ́n kí ó tó di olóṣèlú, olùkọ́ ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta. Ó kọ́ nípa bí erùpẹ̀ àti òkúta ti tò lé ara wọn ní àfonífojì odò Benue, àti ohun tí èyí lè sọ nípa epo rọ̀bì. Ní ọdún 1983 òun àti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Òkìtìpupa, tí kò jìnnà sí wa rárá, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ mélòó ní ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kọ ohunkóhun? Orúkọ wà lára ògiri, iṣẹ́ wà lórí pẹpẹ ìwé ní ọ̀nà jíjìn.

Níbi yìí ni àká orí kọ̀ǹpútà ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbígbé ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, a ó ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Èyí rọrùn, bí ó tilẹ̀ ń gba sùúrù, nítorí ìwé àtijọ́ máa ń fọ́ sí ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá orúkọ Ìkọ̀yà wà nínú àwòrán náà tàbí kò sí. Nítorí náà, ẹ̀rọ mìíràn ní láti wo àwòrán náà kí ó sì sọ ọ́ di lẹ́tà tí a lè wá. Níbi tí ìwé náà bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ náà ń ṣe dáadáa. Níbi tí ó bá jẹ́ Yorùbá, ojú rẹ̀ a ṣú. Àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa; a máa ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ àti ṣ, ẹ̀rọ náà a sì máa rò pé ìdọ̀tí ni. Àmì ohùn tí ó wà lókè a bọ́ sọnù pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń wá ọkọ́ tí a fi ń ro oko yóò rí ọkọ ìyàwó, yóò rí ọkọ̀ ojú omi, yóò rí ọ̀kọ̀ tí àwọn jagunjagun ń jù, gbogbo wọn a dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ènìyàn ni ó ní láti jókòó tún un ṣe, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìkálẹ̀ ni, ẹni tí ó gbọ́ Ìkálẹ̀. Bí ó ti wù kí ẹ̀rọ gbọ́n tó, a kò tíì rí èyí tí ó lè rọ́pò olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Ìkọ̀yà tí ó ní sùúrù.

Lẹ́yìn èyí ni àpèjúwe ìwé náà. Ta ni ó kọ ọ́, ọdún wo, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo, nípa ìlú wo, ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ rántí ìwé òfin tí Hílíkáyà olórí àlùfáà rí nínú tẹ́ḿpìlì ní ayé Ọba Jòsáyà. A kò jí ìwé náà gbé, kò sì jóná. Inú ilé Ọlọ́run gan-an ni ó wà, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè náà hùwà bí ẹni tí kò ní í. Bí àká orí kọ̀ǹpútà bá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí a kò ṣàpèjúwe, tẹ́ḿpìlì Hílíkáyà ni.

Ẹ̀kẹta ni àdírẹ́sì tí kì í yí padà, kí ìwé tí a rí lónìí má bàa di èyí tí a kò rí lọ́dún tí ń bọ̀ nítorí pé a tún ojú ewé yunifásítì ṣe. Àwọn yunifásítì ńlá kan ti ran àwọn kékeré lọ́wọ́ nínú èyí. Ní ọdún 2002 ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní MIT, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tí a ń pè ní DSpace, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lò láìsan owó. Yunifásítì púpọ̀ ní Áfíríkà ni ó ń lò ó láti tọ́jú iṣẹ́ wọn. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, àti ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, a ti ṣí irú àká bẹ́ẹ̀, níbi tí ènìyàn lè ka iṣẹ́ àwọn olùkọ́ láìjáde nílé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀dà púpọ̀ ní ibi púpọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021, iná tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní Cape Town, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, jó wọ inú ọgbà yunifásítì ibẹ̀. Ilé ìkàwé Jagger, níbi tí a kó àwọn ìwé nípa Áfíríkà jọ sí, jóná. Ìwé tí ó ṣọ̀wọ́n, fíìmù tí ó ṣọ̀wọ́n, lọ ní ọjọ́ kan. Díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ilé yè, bí omi àwọn panápaná tilẹ̀ ba wọn. Àwọn tí a sì ti ya àwòrán wọn ṣáájú, tí ẹ̀dà wọn wà níbòmíràn, kò kú. Ilé ìkàwé tí a kọ́ dáadáa ni, ní ìlú ńlá, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí ń dènà iná. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ni kí a sọ nípa kọ́bọ́ọ̀dù tiwa?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa jẹ ṣá. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀run, ó ní kòkòrò àti ìpata tirẹ̀. Díńkẹ̀ pẹlẹbẹ tí a fi ń pa ìwé mọ́ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rọ tí ó lè kà á ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀. Owó tí a ní láti san lọ́dọọdún fún àdírẹ́sì àká náà, bí ẹni tí ó ń san án bá fẹ̀yìn tì tí a kò sì yan ẹlòmíràn, àká náà a ti ilẹ̀kùn ní òru ọjọ́ kan láìsí iná, láìsí ikán. Ìwé Johnson lo ọdún mẹ́rìnlélógún kí ó tó jáde, àwọn ojú ìwé tí ó fi sílẹ̀ sì dúró dè é nínú àpótí. Ohun orí kọ̀ǹpútà kì í dúró deni bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí a máa gbé e láti ilé àtijọ́ sí ilé tuntun ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé kò yẹ kí a sọ ìwé gidi nù nítorí pé a ti ya àwòrán rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìrántí àwọn olùkọ́, èyí tí a máa ń gbójú fò. Ìwé ìpàdé yunifásítì yóò sọ pé a fi ẹnu kò lórí ọ̀ràn kan. Kò ní sọ ẹni tí ó bínú jáde, tàbí ìdí rẹ̀. Ìwé ìwádìí yóò sọ ohun tí olùkọ́ rí. Kò ní sọ ìlú tí wọ́n ti lé e, tàbí ìyá àgbà tí ó fún un ní oúnjẹ tí ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Kenneth Mellanby, tí ó kọ́kọ́ darí ilé-ẹ̀kọ́ Ìbàdàn, kọ ìrántí tirẹ̀ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1958. Ní ọdún 1973, J. F. Ade Ajayi àti Tekena Tamuno ṣe olótùú ìwé kan lórí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àkọ́kọ́ ibẹ̀. Ní ọdún 1981 Tamuno tún kó ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sínú ìwé mìíràn. Ìwé wọ̀nyí ṣe iyebíye. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ ìwé kọ ni wọ́n jùlọ. Níbo ni ohùn ẹni tí ó ń to ìwé lórí pẹpẹ fún ọgbọ̀n ọdún wà, tàbí ti awakọ̀ tí ó gbé àwọn olùkọ́ dé ìletò gbogbo, tí ó mọ orúkọ baálé ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ? Ajayi kú ní ọdún 2014, Tamuno ní ọdún 2015. Àwọn tí wọ́n kọ́ wọn ni ó kù, àwọn náà sì ti di arúgbó. Ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo wa fi ń pe ara wa lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Kò sí ìdí tí yunifásítì kan kò fi ní gba ohùn olùkọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ.

A ní iyèméjì kan lórí èyí, a kò sì fẹ́ fi í pamọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a sọ ni a sọ fún ayé gbọ́. Àgbàlagbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ ilé oyè fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọdún 1970 kò mọ̀ pé ohun kan tí a ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì yóò wà. Ẹnì kan ni ó rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn ó dárúkọ ẹni tí ó jí ilẹ̀, ìdílé náà sì wà láàyè. Àwọn kan sọ pé kí a ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìmọ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A rò pé kí a pa gbogbo rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí a ti àwọn kan pa fún iye ọdún kan, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ìdílé níbi tí a bá lè rí wọn. Ìpamọ́ yàtọ̀ sí ìkéde.

Ó kù ohun tí ó kan ìjọ. Àwọn lẹ́tà àti ìwé ìrìn-àjò tí àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. kọ láti ilẹ̀ Yorùbá wà ní yunifásítì kan ní Birmingham, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú wọn ni ti Charles Phillips, tí ó dé Oǹdó ní ọdún 1877 tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Ọ̀nà tí ó ti etí ọ̀sà wá sí Oǹdó ní ìgbà ayé rẹ̀ gba ìhà ọ̀dọ̀ wa kọjá. A ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé C.M.S. wọ̀nyí, ṣùgbọ́n owó ni àwọn ilé ìkàwé ń san kí a tó ṣí wọn fún òǹkàwé, ìjọ abúlé kò sì ní irú owó bẹ́ẹ̀. A dúpẹ́ pé wọn kò parẹ́. A kò lè sọ pé wọ́n wà lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí ó wà lọ́dọ̀ wa ni àpótí tí ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ìrìbọmi wà nínú rẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀, orúkọ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan. Ọ̀mọ̀wé kankan kò lè kọ ìtàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ dáadáa láìwo àpótí yìí, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó sì ní, bí ti Johnson ní ọdún 1899. Kò dìgbà tí yunifásítì bá wá. Kí ẹni méjì tí ó mọ̀wé ṣí àpótí náà ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, kí wọ́n kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan àti ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ojú ìwé kan, kí wọ́n tẹ́ ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí òjìji kò sí, kí wọ́n ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan fún ìjọ, ọ̀kan fún bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún ilé ìkàwé yunifásítì ní Òkìtìpupa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wá láti ìsinsìnyí lọ tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, kí a kọ́kọ́ gba orúkọ rẹ̀ àti ti yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì ṣe ìlérí níwájú ẹlẹ́rìí pé ẹ̀dà kan iṣẹ́ náà yóò padà wá sí Ìkọ̀yà.